Ológbò Dúró Lórí Ẹsẹ̀ Kan

Ẹni tí kò bá tíì rí Ológbò lórí pákó, onítọ̀hún ò tíì rí èèyàn tó ń dúró. Pẹ́ńtà ni, pẹ́ńtà ilé gogoro, irú ilé tó jẹ́ pé téèyàn bá gbójú sókè wò ó, fìlà á já bọ́ lẹ́yìn. Okùn méjì ni wọ́n fi ń so pákó wọn rọ̀ láti orí òrùlé. Ológbò á dúró lápá kan, ẹnìkejì ẹ̀ á dúró lápá kejì, wọn á wá máa kun ògiri bọ̀ láti òkè délẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Nínú ọdún mọ́kànlá yẹn, atẹ́gùn ti gbé fìlà ẹ̀ lọ, ó ti gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan tòun ti abọ́, àmọ́ kò gbé òun alára rí. Àwọn ẹyẹ tó bá ti rẹ̀, èjìká ẹ̀ ni wọ́n ń bà lé kí wọ́n tó máa bá ìrìn wọn lọ. Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, àwọn ará ibi iṣẹ́ ti gbàgbé ẹ̀. Ológbò ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n ní ibi yòówù kéèyàn ti ju ológbò, kì í fẹ̀yìn balẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn fi dà bí ìgbà tí wọ́n ní òkun gbẹ.

Wọ́n ń kun ilé ẹ̀kọ́ ìlera kan, alájà mẹ́jọ. Àjà kẹfà ni wọ́n wà. Ológbò na búrọ́ọ̀ṣì sí ògiri, ó ṣàdédé rí i pé ara òun ń lọ sápá òsì, wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n fà lápá aṣọ. Ó gbá okùn mú. Pákó mì. Ẹni tó wà lápá kejì pákó yíjú sí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí kì í sáré, kì í pariwo, ó lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ronú kó tó sín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé kí ló dé. Ológbò ní atẹ́gùn ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo igi tó wà nísàlẹ̀, ewé kan ṣoṣo ò mì lára ẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ bọ ọ̀dà, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́síde, ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ Tọ́síde, ó ṣe é débi pé gáláọ̀nù ọ̀dà kan dà sílẹ̀ láti àjà karùn-ún, gbogbo òdòdó tó wà nísàlẹ̀ sì funfun báláú bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rin, apá òsì sì ni nígbà gbogbo.

Ká ní ẹlòmíì ni, á ní oorun ni kò tó. Àmọ́ Ológbò ní bàbá nílé. Pẹ́ńtà ni bàbá yẹn náà nígbà kan rí, òun ló kọ́ ọmọ níṣẹ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, òòyì kọ́ ọ lórí àkàbà. Wọ́n ní inú etí ló ti wá. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì gun nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà, kò gun àpótí, kò gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnìkan di apá ẹ̀ mú. Ọdún méjìlélógún nìyí. Ògiri ló ń dì mú rìn nínú ilé. Ojú ọ̀nà tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ń gbà láti yàrá dé pálọ̀ ti dúdú lára ògiri bí ìlà tí wọ́n fi èédú fà. Ológbò á fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ lọ́dọọdún, kó tó tó oṣù mẹ́ta, ìlà á ti padà.

Ológbò pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì lóṣù tó kọjá. Ó ka ọ̀kan kún un, ọkàn ẹ̀ já lulẹ̀ ju gáláọ̀nù ọ̀dà yẹn lọ.

Kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Kò sọ fún bàbá. Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Ó ti fi ọdún mọ́kànlá pariwo fáyé pé òun lè sùn lórí okùn aṣọ. Àmọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù kì í ṣe ìtìjú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ọ̀gá wọn ń kó wọn lọ síbi ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan. Pákó kan náà ni òun àti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ máa dúró lé. Bí ẹni tó wà lápá kan pákó bá re bọ́, gbogbo pákó á fì dojú dé, kò sì sí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó máa gba ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì lọ́mọ méjì, ìbejì, tí wọn ò tíì mọ ẹ̀yìn tó yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ìyá wọn àti ti bàbá wọn.

Ọjọ́ Fúráìdè ló rí ohun tó rò pé ó jẹ́ oògùn. Wọ́n ti kùn dé àjà kẹta. Ológbò ń kun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ojú ẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀, ojú Ológbò ò lẹ́kọ̀ọ́, fèrèsé tó bá ti ṣí, ojú ẹ̀ ti wọ ibẹ̀ jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ní kó wọlé. Ó rí ọkùnrin kan tó dijú tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí àkùkọ tó ń sùn. Ó rí i tó ń fì síwá sẹ́yìn. Wọ́n wá ní kí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kan, obìnrin kúkurú kan fọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan dún. Ọkùnrin yẹn dìde, ó padà síbi tó ti dúró lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan. Lójú Ológbò, òpó iná ò dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kà á. Ó ní wọ́n ń wá àgbàlagbà tí ara wọn le, tí òòyì kì í kọ́, tí kò ṣubú rí, kí wọ́n wá dúró sórí pátákó ìwọ̀n kan, kí àwọn tó ń to oríkèé wá tò wọ́n léegun ẹ̀yìn, kí wọ́n tún dúró, káwọn lè mọ̀ bóyá títo oríkèé ń mú kéèyàn tí nǹkan kan ò ṣe dúró dáadáa sí i. Ológbò ka ibi tí wọ́n kọ pé "títo oríkèé", ó ka ibi tí wọ́n kọ pé "dúró dáadáa sí i". Ibi tí wọ́n kọ pé ara líle, ojú ẹ̀ fo ibẹ̀ bí ẹni fo gọ́tà.

Sátidé, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣíwọ́, Ológbò nu ọwọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé tó ti ń wò láti ìta láti ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin kúkurú yẹn ló bá níbẹ̀. Dókítà oríkèé ni. Obìnrin náà ò ga ju àga lọ, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀! Bó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìka ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n pé.

Ó mú bírò àti ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni. Ṣé eegun ẹ̀ kan ti kán rí. Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí. Ológbò ń dáhùn wàìwàì.

"Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín?"

"Òòyì? Èmi? Dókítà, ẹ bi àwọn ẹyẹ tó wà níta yẹn."

"Àwọn ẹyẹ ò ní buwọ́ lùwé fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, mà."

"Ẹ ò fì gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ò re ẹ̀gbẹ́ kan?"

Ológbò ní iwájú nìkan lòun mọ̀ ọ́n lọ. Irọ́ yẹn gbóná lẹ́nu ẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé e mì bẹ́ẹ̀.

Dókítà wá ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà méjì làwọn pín àwọn tó wá sí. Àwọn kan, àwọn á to oríkèé wọn lóòótọ́. Àwọn kan, ọwọ́ lásán làwọn á gbé lé wọn. Inú àpòòwé tó wà lórí tábìlì ni wọ́n kọ ti olúkúlùkù sí, wọn ò sì ní sọ fún un èwo ni tiẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ológbò mi orí, àmọ́ nínú ẹ̀, ó ti dá a lójú pé wọn ò lè rí irú èèyàn bíi tòun kí wọ́n fọwọ́ lásán lé e.

Dókítà ní kó bọ́ bàtà. Pátákó ìwọ̀n yẹn ò ga ju ìdérí ìkòkò lọ, irin ni, wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá dúró lé e, bó ṣe wù kó rọra fì tó, á máa fa ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Ológbò gòkè. Ó dúró lẹ́sẹ̀ méjì, ó lajú. Ó dúró lẹ́sẹ̀ méjì, ó dijú. Ó dúró lẹ́sẹ̀ kan. Wọ́n gbé tìmùtìmù rírọ̀ sórí pátákó, ó tún dúró lé ìyẹn náà. Òógùn ń dà lára ẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi gorí òkè. Ó ń retí kí apá òsì fà á. Dókítà kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Ológbò wá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́ tí wọ́n fa àpòòwé ya lẹ́yìn òun. Ọwọ́ obìnrin yẹn bà lé e lágbedeméjì ẹ̀yìn. Gbì! Ariwo tó dún, Ológbò rò pé gbogbo eegun ẹ̀yìn òun ló to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n kí ara wọn káàárọ̀. Ó tún dún lápá òkè, gbì! Ó tún dún lọ́rùn. Nígbà tó dìde, ara ẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú kó má baà fò lọ. Ó ní ẹ̀yìn òun ti ṣí bíi fèrèsé. Ó ní òun ti ga sí i. Ó bẹ Dókítà kó wọn òun, ìyẹn ní àwọn kì í wọn gíga.

Ó padà sórí pátákó, ó dúró bí wọ́n ṣe ní kó dúró, lẹ́sẹ̀ méjì, lẹ́sẹ̀ kan, lórí tìmùtìmù. Apá òsì ò fà á rárá. Inú ẹ̀ ń dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú dídì.

Ó ní, "Dókítà, ẹ ti tò ó o. Ẹ ti tún mi ṣe."

Dókítà yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ìgbà kejì. Méjèèjì ò ju kóró ọsàn lọ. Ó ní àwọn mìíràn, ìlà wọn tóbi tó ọsàn odindi. Ó ní ìgbà tó kọ́kọ́ gòkè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bó ṣe dúró ṣinṣin náà nìyẹn. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó dúró bẹ́ẹ̀ látìgbà táwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, Ológbò ì bá fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀gbà ọrùn wọ̀ jáde. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni ẹ̀rín kú lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òun dúró ṣinṣin kí wọ́n tó to òun, a jẹ́ pé kò sí ohun tí wọ́n tún ṣe. Tí kò bá sí ohun tí wọ́n tún ṣe, a jẹ́ pé nǹkan yẹn ṣì wà níbì kan nínú òun, ó sá pamọ́ fún pátákó, ó ń dúró dè é ní àjà kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ó wọ bàtà ẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó lè jáde. Ìwé ti wà lọ́wọ́ Dókítà pé kò sí ẹni tó dúró tó o, ó lè gbé e lọ fi han ọ̀gá, fi han gbogbo ayé. Ó rántí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó wo ewé igi tí kò sọ̀rọ̀. Ó rántí àwọn ìbejì. Ọwọ́ ẹ̀ bọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ó padà wá dúró níwájú tábìlì bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ gíláàsì.

"Dókítà, mo parọ́ fún yín."

"Mo ń gbọ́."

"Mo máa ń re ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, lórí pákó. Bàbá mi nírú ẹ̀, òun ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ba ìwé yín jẹ́."

Dókítà ò bínú. Ó fa ìlà pupa sórí ìwé Ológbò, ó gbé e sápá kan, ó ní ẹni tó ń re ẹ̀gbẹ́ ò lè wà lára àwọn táwọn ń wá, àmọ́ kó jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tó yàtọ̀. Tó bá dùbúlẹ̀, ṣé yàrá máa ń yí? Rárá. Ṣé etí ẹ̀ máa ń hó? Rárá. Tó bá yíjú kíákíá ńkọ́? Ó gbá orí ẹ̀ mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní kó dùbúlẹ̀ wàrà, kó dìde wàrà, ó ń wo ẹyinjú ẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú omi. Kò rí nǹkan kan. Ó béèrè bóyá ó máa ń ṣe é nílé. Ológbò rò ó, ó ní rárá. Lójú títì ńkọ́? Rárá. Orí pákó nìkan, lẹ́nu iṣẹ́ nìkan.

"Ẹ padà sórí pátákó."

Ológbò bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà. Dókítà ní kó fi í sẹ́sẹ̀.

Ó gòkè. Kò tíì dúró dáadáa tí ìlà ojú kọ̀ǹpútà fi ta lọ sápá òsì bí ewúrẹ́ tó já okùn. Òun fúnra ẹ̀ rí i. Dókítà ní kó bọ́ bàtà, kó tún gòkè. Ìlà padà di kóró ọsàn. Ó ní kó wọ̀ ọ́. Ewúrẹ́ já okùn. Ó ní kó bọ́ ọ. Kóró ọsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà ẹsẹ̀ òsì, ó dojú ẹ̀ dé.

Ó yẹ kéèyàn mọ ìwà àwọn pẹ́ńtà kó tó lè lóye ohun tí Dókítà rí. Láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kì í fá ọ̀dà abẹ́ bàtà. Èèwọ̀ kọ́, oyè ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, abẹ́ bàtà ẹ̀ á mọ́ bí ojú ọmọ tuntun, òun ni wọ́n á sì máa rán níṣẹ́. Bí ọ̀dà ṣe ń kán, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń gbẹ, tó tún ń tẹ òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ ló ń di àgbà. Tí wọ́n bá ń jiyàn ta ló ṣáájú ta lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í béèrè ọdún, wọ́n á ní kí olúkúlùkù gbé ẹsẹ̀ sókè. Bàtà iṣẹ́ Ológbò, tó jẹ́ ibi iṣẹ́ nìkan ló ti ń wọ̀ ọ́, ti pé ọdún márùn-ún. Abẹ́ ẹ̀ dà bí odi ìlú. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kùn, apá òsì ló ń gbé gáláọ̀nù sí, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì ló ń jẹ gbogbo ohun tó bá kán. Kò sì kán síbi tó dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ga, ó ga tó àtàǹpàkò. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan tó ki bí àmọ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn ló wá parí ẹ̀. Ọkùnrin tó lè sùn lórí okùn aṣọ ti ń fi ẹsẹ̀ òsì dúró lórí ẹ̀gbẹ́ òkè láìmọ̀.

Dókítà gbé bàtà náà sórí tábìlì. Kò dúró, ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ológbò wò ó. Ó fi ohùn wẹ́lẹ́ béèrè pé ṣé kì í ṣe inú etí. Dókítà ní abẹ́ bàtà ni. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà fún un ní omi mu, torí ó rí i pé ẹsẹ̀ tí kò mì lórí pátákó ti ń mì nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí omi wọlé, ẹnu ẹ̀ padà. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ bàtà, títò tí wọ́n to òun náà ṣe gudugudu méje, torí eegun òun ké débi pé àwọn tó wà lójú títì á ti gbọ́. Dókítà mú àpòòwé tí wọ́n fà ya lẹ́ẹ̀kan, ó ní nígbà tí òun ti yọ ọ́ kúrò lára wọn, kò sí àṣírí mọ́. Ó fún un kó kà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ọwọ́ lásán.

"Ariwo yẹn ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀dì ló dún. A ṣe é kó máa já sílẹ̀ díẹ̀ téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tá a gbé ọwọ́ lásán lé má baà mọ̀."

"Ẹ̀yìn mi tó ṣí bíi fèrèsé ńkọ́?"

"Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ṣí i."

Ológbò rẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá títo oríkèé tiẹ̀ ń mú kí ẹni tára ẹ̀ le dúró dáadáa sí i. Dókítà ní ohun tóun ń wá gan-an nìyẹn. Ó ní èèyàn mẹ́rìnlélógún ló ti gun pátákó yẹn, àwọn kan dúró dáadáa sí i díẹ̀, àwọn kan ò yí padà, òun ò sì ní parọ́ fún un pé òun ti mọ̀. Ó ní ohun tóun mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ò ju pé kó lọ fá bàtà ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ nípa bàbá, ó kọ orúkọ dókítà etí kan síwèé fún un, ó ní ọdún méjìlélógún ti pẹ́ jù kí ẹnikẹ́ni má tíì tún wò ó.

Ológbò gbàgbé sálúbàtà tó ń wọ̀ lọ sílé síbi iṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé, ó gbé bàtà sábẹ́ apá. Ilẹ̀ gbóná, kò mọ̀ ọ́n. Lójú ọ̀nà, ó pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí fóònù, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò yọ ibi tó ti parọ́ kúrò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dákẹ́ títí Ológbò fi rò pé káàdì ti tán. Ó wá sọ pé òun ti múra láti lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí òun sọ pé òun ti ń bẹ̀rù òkè, kí wọ́n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wo Ológbò. Ó ní àṣé bàtà ni. Ó ní kó fá a dáadáa o. Ó pa fóònù. Ológbò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fúngbà díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kó sí lójú.

Bàbá wà lórí àga ẹ̀ nígbà tó wọlé, ìyàwó ẹ̀ ń ká aṣọ. Ológbò ò jókòó. Ó sọ ọ́ fún wọn bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ: Dókítà di èèyàn tó lè fi ìka kan gbé màlúù, bẹ́ẹ̀dì di ààrá, ọ̀dà abẹ́ bàtà di òkè tí ìkùukùu bò. Ìyàwó ẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó ju aṣọ tó ń ká lù ú. Ó ní òun ló ń bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, pẹ́ńtà bíi tiẹ̀ ló wá mọ̀ ṣáájú òun. Ó tún mú òmíràn, ó jù ú. Ológbò ń bẹ̀ ẹ́, aṣọ ń bà á lórí.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gbé bàtà yẹn wá. Ó gbà á sórí itan, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fá ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ọwọ́ yẹn ò tíì gbàgbé iṣẹ́. Ọ̀dà ń bọ́ ní ìpele-ìpele, funfun, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ eérú, bó bá sì ti kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ológbò á sọ ilé tó ti wá. Bàbá ń gbọ́. Nígbà tó kan awọ bàtà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Látọjọ́ tó o ti di búrọ́ọ̀ṣì mú ni mo ti ń ka ọjọ́ orí ẹ. Mo rò pé mo ti fi òòyì mi lé ẹ lọ́wọ́."

Ológbò ṣa èépá ọ̀dà tó bọ́ sílẹ̀ jọ.

"Gbé ẹsẹ̀ kan, kí n rí i."

"Bàbá, wọ́n ti wọ̀n mí ní gbogbo ọ̀nà lónìí."

"Èmi ò sí níbẹ̀. Gbé e. Dijú."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dijú, òsì ló fi dúró. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ení, ó ka èjì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń to ẹyin. Ó dé ogún, ó dé àádọ́ta. Ìyàwó jáwọ́ nínú aṣọ, ó wá dúró tì wọ́n. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, Ológbò rò pé ó ti tó, ó fẹ́ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, àmọ́ ohùn bàbá kọjá lọ sí ọgọ́rùn-ún ó lé ọ̀kan, ohùn náà sì ti ń gbọ̀n díẹ̀, ó ń tètè sí i, ó ń ga sí i. Ọmọ orúnkún Ológbò ti ń gbóná. Ó gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá kà á. Igba kù díẹ̀. Ó fi ojú dídì rẹ́rìn-ín, kò mì, kò sì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.